Fóònù tuntun ti dé: ṣé ká kó gbogbo ẹrù lọ ni, àbí ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Ẹ ra fóònù tuntun, tàbí ọmọ yín fi tòkunbọ̀ kan ránṣẹ́ láti London, ẹ gbé e lọ́wọ́, ó ń dán, inú yín ń dùn, kí la wá fẹ́ ṣe sí gbogbo nǹkan tó wà lórí ti àtijọ́? Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Àwọn míì á ní rárá o, ẹ jẹ́ kí tuntun jẹ́ tuntun, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Èmi ní tèmi, mo ní kẹ́ ẹ kó ohun tí owó ò lè rà padà, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín kó o, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa pé ó dé. Ohun tẹ́ ẹ lè tún dáńlóòdù, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ ire, láàárọ̀ láàárọ̀ ni wọ́n máa ń fi voice note ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n á kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀, wọ́n á ní "Àkànní, ṣé o ti jí?", wọ́n á wá kì mí láti orí dé ẹsẹ̀, nígbà míì ẹ máa gbọ́ àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, àwọn voice note yẹn ni mo ní. Ọdún tó tẹ̀ lé e mo lọ ra fóònù, ẹni tó tà á fún mi ní kí n fi ti àtijọ́ kún owó, pé òun á bá mi kó gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀ sórí tuntun. Ó kó o lóòótọ́, fọ́tò dé, nọ́mbà àwọn èèyàn dé. Ilé ni mo dé kí n tó ṣí WhatsApp, òfìfo ni mo bá. Ilẹ̀ mọ́, mo sáré padà lọ, wọ́n ti fọ́máàtì fóònù yẹn lálẹ́ àná. Kò sí backup kankan, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n fi pa mọ́ síbòmíì, níbì kankan. Mi ò lè bá ẹni náà jà, kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, èmi tí mo mọ̀ ni kò béèrè. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó bá ra fóònù, ọ̀dọ̀ mi ló ń kọ́kọ́ gbé e wá, bí mo sì ṣe ń ṣe é fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí, kẹ́ ẹ lè dá a ṣe nílé ara yín.

Ẹ jókòó ti ti àtijọ́ ná

Ẹ má tíì tan tuntun; ohun tí mo bá ní kẹ́ ẹ ṣe lórí ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tá a bá tàn án nísàlẹ̀. Ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ ṣí fóònù àtijọ́, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn àpù tẹ́ ẹ ń lò ní tòótọ́ sílẹ̀, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kàn láàárín oṣù kan. Ẹ máa rí i pé wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. WhatsApp, bánkì méjì, Facebook, Bíbélì tàbí Kùránì, bóyá YouTube. Gbogbo ìyókù, géèmù táwọn ọmọ dáńlóòdù, àpù tẹ́tẹ́ tẹ́ ẹ ti gbàgbé, àpù tó ní òun ń tún fóònù ṣe tó sì jẹ́ pé ìpolówó ọjà ló ń jù síta lójijì, ẹ má kọ ọ́ síwèé rárá. Torí tẹ́ ẹ bá ní kí fóònù kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa, gbogbo wọn ló máa tẹ̀ lé yín dé ilé tuntun, kò sì ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa sọ pé fóònù tuntun yìí náà ti ń lọ́ra.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá fi ìlà pín ìwé yẹn, kẹ́ ẹ kọ àwọn nǹkan tí kò ṣeé tún rí síbòmíì: fọ́tò ìsìnkú, fídíò ìgbà tọ́mọ kọ́kọ́ rìn, voice note àwọn tó ti lọ, ìwé ẹ̀rí tẹ́ ẹ yà ní fọ́tò, nọ́mbà àwọn oníbàárà, àwọn nǹkan tẹ́ ẹ kọ sínú Notes. Apá yìí ni ẹrù gan-an.

Ta ni mo máa sọ fún pé kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pátápátá, kó má kó àpù kankan? Ẹni tí fóònù ẹ̀ ti ń dá ṣí nǹkan fúnra ẹ̀, tí ìpolówó ń yọ lójú ẹ̀ nígbà tí kò ṣí nǹkan kan. Irú fóònù bẹ́ẹ̀, fọ́tò àti nọ́mbà nìkan ni kẹ́ ẹ mú kúrò lórí ẹ̀. Ta ni mo sì máa ní kó kó gbogbo ẹ̀ bó ṣe wà? Àwọn àgbà. Màmá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó mọ̀ pé èyí tó láwọ̀ ewé nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni òun máa ń tẹ̀ tóun bá fẹ́ rí ojú ọmọ òun ní Houston, tẹ́ ẹ bá yí i kúrò níbẹ̀, ẹ ti tú ilé mọ́ wọn lórí. Fún irú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo nǹkan wà níbi tó wà, àpù burúkú nìkan ni kẹ́ ẹ yọ kúrò lórí ti àtijọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù.

Gmail ni orí

Ibi tí a bá ti pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Lórí Android, Gmail yẹn ni orí, òun ló ń gbé nọ́mbà, fọ́tò, àti backup WhatsApp láti fóònù kan dé òmíràn. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Google sí, ẹ wo àdírẹ́sì Gmail tó wà níbẹ̀. Ṣé tiyín ni? Ṣé ẹ mọ pásíwọọ̀dù ẹ̀? Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló ṣí Gmail fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ra fóònù, pásíwọọ̀dù sì wà nínú orí ọmọ yẹn, ọmọ yẹn sì ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, àsìkò tí fóònù àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín yìí gan-an ni àsìkò láti tún un ṣe, torí Google máa ń bi fóònù tó ti wà nínú àkáǹtì tẹ́lẹ̀ pé ṣé ẹ̀yin ni. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ẹ gbàgbé pásíwọọ̀dù, ẹ yí i padà, ẹ fi nọ́mbà fóònù tiyín síbi recovery, ìyẹn ibi tí Google máa wò tẹ́ ẹ bá tún gbàgbé pásíwọọ̀dù, kẹ́ ẹ sì yọ nọ́mbà àjèjì tó bá wà níbẹ̀. Ẹ kọ pásíwọọ̀dù tuntun sínú ìwé, ẹ fi pa mọ́ síbi tẹ́ ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ sí.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ kó tó gbé e fún ẹni tó ń bọ̀ wálé: kó yọ àkáǹtì tiẹ̀ kúrò lórí ẹ̀, kó tó fọ́máàtì ẹ̀. Láti 2015 ni Android ti ní ìdè kan tó máa ń béèrè Gmail ẹni tó lò ó kẹ́yìn, ti iPhone sì ti wà ṣáájú ìyẹn, láti 2013. Mo ti rí fóònù tó wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Manchester dé Ìbàdàn, tó sì wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí ọmọ tó fi ránṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, kò ráyè fi kóòdù ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀.

Nọ́mbà àwọn èèyàn

Èyí rọrùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ nǹkan nù, torí pé nọ́mbà lè wà níbi mẹ́ta: lórí síìmù, lórí fóònù fúnra ẹ̀, tàbí lórí Google. Síìmù kì í gbà ju nǹkan bí 250 lọ, ó sì máa ń gé orúkọ kúrú. Àwọn tó wà lórí fóònù nìkan, tí fóònù bá lọ, àwọn náà lọ nìyẹn. Ẹ ṣí Contacts, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Organize (tẹ́lẹ̀ ó ń jẹ́ Fix & manage) tàbí Manage contacts sí, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ti síìmù wọlé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kó gbogbo wọn jáde sínú fáìlì kan, orúkọ fáìlì yẹn máa ń parí sí .vcf. Ẹ fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín. Ó kéré, fọ́tò kan ṣoṣo tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ayé yín ló wà nínú ẹ̀. Lórí tuntun, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Gmail yín pé ibẹ̀ ni kó kó wọn sí, ó parí.

Ẹ bá mi fi kinní kan kún un: kẹ́ ẹ tó kó wọn jáde, ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ kọ bíi "Mẹkáníìkì 2" àti "Ìyá alápò", kẹ́ ẹ fi orúkọ gidi sí i. Tẹ́ ẹ bá dé ìlú tuntun tàbí lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ ò ní mọ ẹni tó jẹ́ ta.

Fọ́tò àti fídíò

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé "ó wà lórí Google", ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ ṣí Google Photos, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè lápá ọ̀tún, ó máa sọ bóyá backup ti parí tàbí iye tó kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé èyí tẹ́ ẹ fi kámẹ́rà yà nìkan ló máa ń dá gbé lọ fúnra ẹ̀. Àwọn fọ́tò tó wá láti WhatsApp, inú fódà ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, ẹ̀yin lẹ máa wọ Settings inú Photos lọ tan fódà yẹn kó tó lè máa gbé wọn. Fọ́tò ìgbéyàwó tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, inú fódà yẹn ló wà.

Àyè ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni kò ju 15 GB lọ, àti Gmail, àti Drive, àti Photos ló jọ ń jẹ nínú ẹ̀, láti oṣù kẹfà 2021 ni fọ́tò ò ti jẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́, backup WhatsApp náà sì ti wọ inú ẹ̀ láti 2024. Ẹni tó ti lo fóònù fún ọdún mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ti kún. Tí dátà ò bá sì sí lọ́wọ́, kò yẹ kẹ́ ẹ máa fi owó oúnjẹ gbé fídíò lọ sí ojú ọ̀run lọ́dọ̀ Google kẹ́ ẹ tún fi òmíràn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wáyà ló dáa jù. Ẹ gba kọ̀ǹpútà ẹnì kan, ẹ fi wáyà so fóònù àtijọ́ mọ́ ọn, tí fóònù bá béèrè ẹ sọ fún un pé File transfer, ẹ ṣí fódà DCIM, ibẹ̀ ni èyí tẹ́ ẹ fi kámẹ́rà yà máa ń wà, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tún ṣe Pictures àti fódà WhatsApp. Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, Quick Share wà lórí Android báyìí, Xender náà ṣì wà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, méjèèjì kì í jẹ dátà, láàárín fóònù méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀. Fóònù tó ń lo mẹ́mórì, ẹ yọ mẹ́mórì yẹn, ẹ fi sí tuntun, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá tuntun ní ojú ihò ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ fóònù ti ìsinsìnyí ti yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kó o tán, ẹ ka iye tó wà lápá ibí àti iye tó wà lápá ọ̀hún. Ẹ wá ṣí fídíò mẹ́ta mẹ́rin láàárín, kì í ṣe èyí tó wà lókè nìkan, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ dé òpin.

WhatsApp, ẹ fara balẹ̀ níbí

Ibí ni mo ti sọ ohùn bàbá mi nù, ẹ jẹ́ kí n lọ́ra díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń lo WhatsApp tí kì í ṣe ojúlówó, àwọn bíi GBWhatsApp yẹn, ẹ mọ̀ pé kì í gbé backup lọ sí Google Drive, WhatsApp fúnra ẹ̀ sì máa ń ti àwọn tó ń lò ó síta. Irú ìyẹn, ẹ fi voice note àti fọ́tò tó ṣe pàtàkì ránṣẹ́ síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí kẹ́ ẹ kó fódà wọn sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ojúlówó lákọ̀tun lórí tuntun. Ó máa dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni.

Tó bá jẹ́ ojúlówó, láti Android sí Android, láti 2023 ọ̀nà kan ti wà tí kò jẹ dátà, tí kò sì kan Google Drive rárá, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Gbági. Gbogbo ọjà wọn ló wà nínú WhatsApp, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó fẹ́ àǹkárá yáàdì mẹ́fà, ẹni tó san ìdajì. A gbé fóònù méjèèjì sórí tábìlì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, a fi ṣáájà sí ọ̀kan, a fi power bank sí èkejì torí a ò mọ ìgbà tí iná máa lọ. A tan Wi-Fi àti location lórí méjèèjì. Lórí ti àtijọ́ a ṣí WhatsApp, a wọ Settings, a tẹ Chats, a wá sísàlẹ̀ títí a fi rí Transfer chats, a tẹ Start, a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Lórí tuntun a dáńlóòdù WhatsApp láti Play Store, a gbà pé a fara mọ́ òfin wọn, a tẹ nọ́mbà kan náà sí i, kóòdù wọlé. Ibi tó ti béèrè bóyá a fẹ́ kó ọ̀rọ̀ wá láti fóònù àtijọ́, a tẹ Start. QR code, àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun yẹn, yọ lójú tuntun, a fi kámẹ́rà ti àtijọ́ wò ó, àwọn méjèèjì so pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó dé 63 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnì kan pe ẹ̀gbọ́n mi lórí ti àtijọ́, wọ́n na ọwọ́ sí i, mo ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ó pe ẹni náà padà." Ẹ má jẹ́ kí ojú fóònù kú, ẹ má ṣí nǹkan míì, ẹ má gbé ọ̀kan lọ sí yàrá. Nígbà tó parí, ohun tí mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n wá voice note tó pẹ́ jù tí wọ́n rántí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá ti ọmọ wọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún owó ilé ìwé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀, a jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn lọkàn mi tó balẹ̀.

Ohun tó lè bà á jẹ́ nìwọ̀nyí. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí WhatsApp lórí tuntun tẹ́ ẹ sì ti fo ibi tó ti béèrè yẹn kọjá, ẹ yọ WhatsApp kúrò lórí tuntun, ẹ tún un dáńlóòdù, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ padà. Tẹ́ ẹ bá ní PIN onínọ́mbà mẹ́fà, èyí tí WhatsApp máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ rí i pé ẹ rántí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀ tí kò sì fi íméèlì sí i, ọjọ́ méje ló máa fi dúró. Backup tẹ́ ẹ fi pásíwọọ̀dù tì pa ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbàgbé pásíwọọ̀dù yẹn, WhatsApp fúnra ẹ̀ ò lè ṣí i fún yín.

Ó dáa kẹ́ ẹ tún ṣe backup Google Drive lọ́jọ́ yẹn kan náà, tí àyè bá wà, Settings, Chats, Chat backup, kẹ́ ẹ wo déètì tó wà níbẹ̀. Déètì ni kẹ́ ẹ wò! Tèmi ìjọ́sí, ká ní mo wo ibẹ̀ ṣáájú ni, ǹ bá ti mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé tẹ́ ẹ ò bá tẹ Include videos, fídíò ò ní sí nínú ẹ̀.

Ohùn tó ṣe iyebíye, ẹ má fi sílẹ̀ fún WhatsApp nìkan. Ẹ tẹ voice note yẹn mọ́lẹ̀, ẹ tẹ Share, ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín tàbí sí Drive, ẹ fi orúkọ sí i: "Bàbá, oríkì, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú". Ẹ fi kan ránṣẹ́ sí àbúrò yín náà. Ohun tó wà níbi mẹ́ta kì í tètè sọnù.

Tí ọ̀kan bá jẹ́ iPhone

Láti iPhone sí iPhone, ẹ gbé méjèèjì sún mọ́ra, Quick Start máa yọ fúnra ẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e. Ọ̀fẹ́ tí iCloud ń fúnni kò ju 5 GB lọ, ṣùgbọ́n Apple máa ń fún ẹni tó ń kó lọ sórí tuntun ní àyè fún ọjọ́ 21 láìgba owó, ẹ wá a nínú Settings, General, lábẹ́ Transfer or Reset.

Láti Android sí iPhone, àpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Move to iOS, orí Android lẹ máa fi í sí. Ìgbà tí iPhone ṣì wà lójú ìbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ ò tíì ṣètò ẹ̀, ni kẹ́ ẹ lò ó, WhatsApp náà máa bá a lọ tẹ́ ẹ bá yàn án. Tẹ́ ẹ bá ti ṣètò iPhone tán kẹ́ ẹ tó rántí, àfi kẹ́ ẹ fọ́máàtì ẹ̀ padà. Láti iPhone sí Android, wáyà lẹ máa fi so wọ́n pọ̀, òun náà ìgbà tí tuntun ṣì wà lójú ìbẹ̀rẹ̀ ló rọrùn jù. Backup Google Drive ò ṣeé lò lórí iPhone, ti iCloud náà ò ṣeé lò lórí Android, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ó ṣeé ṣe, ẹ má fún un lówó.

Tan tuntun báyìí

Ẹ ṣáájì méjèèjì dáadáa. Lójú ìbẹ̀rẹ̀ Android tuntun máa béèrè bóyá ẹ fẹ́ kó nǹkan wá láti fóònù míì. Àwọn àgbà tí mo sọ, ẹ gbà, ẹ so wáyà, kó kó gbogbo ẹ̀. Fún ẹ̀yin ìyókù, tó bá gbé orúkọ àwọn àpù jáde, ẹ yọ àmì kúrò lára gbogbo wọn, ẹ wá fi sára èyí tó wà nínú ìwé yín nìkan. Samsung ní Smart Switch tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó dáa pé ẹ lè lò ó kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣètò fóònù tán. Àpù tó bá ń bọ̀, Play Store ló máa ń tún un dáńlóòdù, ó ń jẹ dátà, ẹ má ṣe é pẹ̀lú dátà tó kù díẹ̀.

Telegram ò ní wàhálà, ẹ kàn fi nọ́mbà wọlé, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ àyàfi Secret chat. Ẹni tó bá ń lo Google Authenticator, àpù tó ń fúnni ní kóòdù láti wọlé, fún iṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí fóònù àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ yín láìṣe Transfer accounts, QR code ni òun náà ń lò. Mo mọ ẹni tí kò rí íméèlì iṣẹ́ ẹ̀ ṣí fún ọjọ́ mọ́kànlá torí èyí.

Bánkì

Àpù bánkì kì í bá ẹrù wá. Kódà tí àwòrán ẹ̀ bá yọ lórí tuntun, kò mọ fóònù yẹn rí, ẹ máa tún ara yín fi hàn án: káàdì, PIN, token, nígbà míì ojú yín. Nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè ni kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ má ṣe é ní alẹ́ Fúráìdeè, torí tó bá tì yín síta, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn bánkì lẹ máa lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣí lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ san owó ilé, àwọn bánkì míì máa ń dín iye tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ kù lórí fóònù tuntun fún ọjọ́ kan. Ẹ fi owó díẹ̀ sápò.

Kóòdù bánkì, síìmù ló ń wá sí. Ṣé orúkọ yín àti NIN yín ló wà lórí síìmù yẹn, àbí ti ẹnì kan tó bá yín fi orúkọ sílẹ̀ nígbà yẹn? Ẹ lọ tún un ṣe ná. Ẹni tó bá sì ń bá yín kó ẹrù, ì báà jẹ́ ọmọ àdúgbò tó mọ̀wà hù, ẹ má pe kóòdù yẹn sí i létí, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó bá yín ṣe bánkì rárá.

Ti àtijọ́ ńkọ́?

Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹ má tà á, ẹ má fi kún owó, ẹ má fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ẹ pa á, ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀, kẹ́ ẹ máa lo tuntun. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ẹ máa wá nǹkan kan tì, bóyá fọ́tò rìsíìtì, bóyá ohùn tẹ́ ẹ fi fóònù gbà, torí àwọn àpù tó ń gba ohùn sílẹ̀ máa ń ní fódà tiwọn tí kò sẹ́ni tó rántí. Ẹ ó tan án, ẹ ó mú un, ẹ ó tún pa á. Tí ẹni tó fẹ́ ta tuntun fún yín bá ní àfi kẹ́ ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lónìí, ẹ sọ fún un pé ẹ ó padà wá, kódà tó bá máa yọ díẹ̀ kúrò nínú iye tó fẹ́ gbà á.

Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ẹ yọ síìmù àti mẹ́mórì. Ẹ jáde nínú àpù bánkì. Ẹ tẹ *#06#, ẹ kọ nọ́mbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó yọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè ní ẹ̀rí irú fóònù tẹ́ ẹ tà tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ lọ sí Settings, Accounts, ẹ yọ Gmail kúrò. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ jáde nínú Apple Account, kẹ́ ẹ pa Find My, èyí tó ń wá fóònù tó bá sọnù. Ìgbà yẹn lẹ tó máa fọ́máàtì ẹ̀, láti inú Settings fúnra ẹ̀. Ẹ dúró tì í kó tún tan. Tó bá kí yín káàbọ̀ bíi fóònù tuntun, ẹ so ó mọ́ Wi-Fi, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti ń fi àkáǹtì sí i. Tí kò bá béèrè Gmail tàbí PIN ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ pa á, ẹ wá páálí ẹ̀ àti ṣáájà ẹ̀ jáde, ẹ gbé e fún ẹni tó ń dúró dè é.